Àwòrán Tíṣà Tó Ń Gan

Resham Tilija ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ òpó irin tó wà ní Tolkharka, lókè ilé wa.

Kì í ṣe pé ó mọ̀wé jù wá lọ. Àwọn màlúù onírun rẹ̀ ló ń jẹko nídìí òpó náà, òun la sì máa ń bá níbẹ̀. Bó ṣe di olùṣọ́ nìyẹn. Abọ́ irin kan tó ń gba àwòrán wà lórí òpó yìí, ó kọjú sí abọ́ mìíràn ní Beghara, lódìkejì àfonífojì méjì. Ibẹ̀ ni Tíṣà Jamuna ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. Ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ń gba ojú ọ̀run wá, àwọn ọmọ á sì máa wò ó lára ògiri iléèwé.

Nígbà tí iléèwé wọlé lẹ́yìn ọdún Dashain, nǹkan yí padà. Tíṣà á na ọwọ́ sókè, ọwọ́ á gan síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ á ṣí, ohùn ò ní jáde. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín pé Tíṣà ti di òrìṣà olókùúta. Àwọn òbí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí kò bá sàn kí ọdún Tihar tó dé, àwọn á kó àwọn ọmọ lọ sí iléèwé ìlú ńlá, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Sunkesari, ọmọ kan ṣoṣo tí Resham bí, wà lára wọn. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kùwéètì. Bí ọmọ náà bá lọ, ó ku Resham àti màlúù.

Ó gun òpó, ó nu abọ́, ó di gbogbo nọ́ọ̀tì le. Ó wo ọ̀kánkán, ó rí òpó Beghara. Ó pe Tíṣà lórí fóònù.

“Tíṣà, ọ̀dọ̀ yín ni àìsàn wà o.”

“Bàbá Sunkesari, nígbà tí màlúù yín jẹ wáyà, ṣebí ohun tẹ́ ẹ sọ náà nìyẹn?”

“Ẹ fi màlúù sílẹ̀. Mò ń rí òpó yín báyìí. Kò sí nǹkan kan láàrin wa.”

“Rírí nìkan ò tó. Tẹ́ ẹ bá pọn agbọ̀n koríko gba àárín ògiri méjì, ṣé orí yín nìkan ló ń kọjá?”

“Agbọ̀n ló máa há.”

“Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà náà ní ikùn. Agbedeméjì ló ti tóbi jù. Kí ló wà níbẹ̀?”

Resham tún wo ọ̀kánkán. “Òkè Lasune ni.”

“Ẹ lọ wò ó.”

Àwa kan bá a lọ. Nígbà tí a débẹ̀, Resham bú sẹ́rìn-ín. Etí odò ni àwọn ará Lasune máa ń ri jangirọ́fà ọdún wọn sí, ṣùgbọ́n òjò ti wọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Wọ́n wá rì í sí ṣóńṣó òkè: ọparun tútù mẹ́rin, tó ga ju ilé alájà méjì lọ, tewétewé, tí okùn ìjókòó rọ̀ sí láàrin.

Màmá Bhimsari, àgbà wọn, jókòó nídìí rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká wó o. Ó ń dínà àwòrán àwọn ọmọ.”

“Wó kí ni? A kì í wó jangirọ́fà kí Tihar tó dé. Ìwọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ẹ ti kúrò nílẹ̀ lọ́dún yìí?”

“Màmá, iṣẹ́ ni mo bá wá.”

“Mo ní ṣé ẹsẹ̀ ẹ ti kúrò nílẹ̀?”

“Kò tíì kúrò.”

“Ẹ gbọ́! Ẹni tí kò bá fì lórí jangirọ́fà lọ́dún, nǹkan rẹ̀ á ṣe wá lọ déédéé? Gùn ún.”

Ó gùn ún. Àwọn ọ̀dọ́ tì í títí ó fi ń pariwo. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òòyì ń kọ́ ọ, ó di ọparun mú.

“Màmá, ẹ ní a kì í wó o. Ṣé a kì í gbé e?”

“Ní ìdúró?”

“Ní ìdúró. Sí ibi tó rẹlẹ̀ lẹ́yìn òkè yẹn.”

Màmá ronú. “Mi ò rí i rí. Mi ò sì gbọ́ pé èèwọ̀ ni.”

Gbogbo Lasune jáde. Wọ́n hú ẹsẹ̀ ọparun, wọ́n so okùn mọ́ ọn yíká, àwọn kan gbé, àwọn kan fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ ṣubú, táwọn obìnrin figbe ta. Màmá ń rìn níwájú.

“Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ o! Tó bá ṣubú, Resham la máa rì mọ́lẹ̀ dípò ẹ̀!”

Wọ́n rì í sí ibi tó rẹlẹ̀. Kò pẹ́, fóònù Resham dún. Sunkesari ni, láti iléèwé.

“Bàbá! Tíṣà ti gbé ọwọ́ sílẹ̀! Ó ń kọ̀wé, ó ń yára, a ò lè kọ ọ́ bá a!”

Dilsur, olórí àwọn òbí, gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. “Resham, sọ fún Tíṣà kó rọra. Àwọn ọmọ ti ń ráhùn pé iṣẹ́ pọ̀ jù.”

“Ṣé ẹ ṣì ń kó wọn lọ sí ìlú ńlá?”

“Láti lọ ṣe kí ni? Ibí ni kí wọ́n ti máa ráhùn.”

Resham jókòó sílẹ̀. Màmá Bhimsari gbé ọtí ọkà fún un, ó mu ún tán.

“Ó yá, tún gun jangirọ́fà.”

“Màmá, mi ò tíì fún wàrà àwọn màlúù mi.”

Ó dìde, ó gbọn koríko kúrò ní ṣòkòtò, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.