Agogo Ìyàwó Ni Wọ́n Lù Fún Òkú Bàbá Àlùfáà

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti kọ gbólóhùn yìí, ẹ̀rù ló ń bà mí: láti oṣù Karùn-ún tí Bàbá Àlùfáà Gergely Bartalis ti kú, a kò tíì lu agogo òkú fún un. A sin ín bí ẹni sin ajá tí mọ́tò pa. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo gbé pósí ní igun kan, mo sì panu mọ́ bíi gbogbo ọkùnrin Szilvád yòókù.

Ní abúlé wa, ẹni tí a kò lu agogo fún kò tíì lọ. Agogo ńlá nìkan á dún, á dákẹ́, á tún dún, lẹ́ẹ̀mẹta fún ọkùnrin, kí àwọn tó wà lóko lè ṣí fìlà. Títí di ìgbà náà, abẹ́ aṣọ dúdú ni dígí ilé olóòkú ń wà. Ẹ lọ wo ilé Ìyá Rozália, opó Bàbá Àlùfáà. Oṣù Kẹjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, aṣọ dúdú ṣì wà lórí dígí. Ìyá arúgbó náà ń di ìborí rẹ̀ láìrí ojú ara rẹ̀.

Ta sì ni ọkùnrin tí a ṣe báyìí sí? Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ṣe àlùfáà wa. Mi ò ní purọ́ fún yín, ìwàásù rẹ̀ ń gùn. Bàbá Mózes a máa sùn síbẹ̀, a sì máa hanrun. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mẹ́rin ló bí, òun fúnra rẹ̀ ló ń ya irun wọn, tó ń dì í, láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń fún wàrà lábẹ́ màlúù. Lọ́jọ́ kan, ó dé orí àga ìwàásù, ó tọwọ́ bọ àpò pé kí òun yọ awò ojú. Òòyà ló yọ, rìbọ́ọ̀nù pupa sì wọ́ tẹ̀lé e. Bàbá Mózes, tí orí rẹ̀ pá bí ẹyin, ló kígbe láti ẹ̀yìn:

“Bàbá Àlùfáà, ẹ má gbàgbé tèmi o! Ó ti dàrú!”

“Mózes, tìrẹ ti ṣáájú rẹ dé ọ̀run. Ó ń retí rẹ.”

Nígbà tí Vencel ọ̀mùtí kú sínú yìnyín, alágogo ní òun ò ní torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gun àkàsọ̀. Bàbá Àlùfáà bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó gun ilé agogo fúnra rẹ̀, ó fa okùn náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò wá lójú. “Bí ẹ ò bá lè sunkún ẹ̀, irin á bá yín sun ún.”

Irú ẹni tí a kò lu agogo fún nìyẹn.

Kí ló fà á? Bàbá Àlùfáà ti ń bẹ àwọn ọ̀gá ìjọ nílùú tipẹ́ pé kí wọ́n bá òun tún òrùlé ilé àlùfáà ṣe, òjò ń jò sórí ibùsùn, àyà sì ń dun òun. Kí ni wọ́n fi dá a lóhùn? Ẹ̀rọ agogo! Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi fóònù lù: tẹ ibí, ó di ti òkú, tẹ ibẹ̀, ó di ti ìyàwó. Olórí àwọn àlùfáà ẹkùn wa kó ayàwòrán wá, ó gé okùn agogo lójú wa bí ẹni ń ṣí afárá, ó ti ilẹ̀kùn ilé agogo pa, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílùú kí ọwọ́ àwọn ará oko má baà ba ẹ̀rọ jẹ́. A pàtẹ́wọ́. Bàbá Àlùfáà kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó ká okùn náà, ó gbé e lọ sílé, Ìyá Rozália sì so ó mọ́ igi èso méjì, ó ń sá aṣọ àwọn ọmọ-ọmọ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣé ẹ̀rín ṣì kù lẹ́nu yín?

Òrùlé yẹn ló pa á. Kí dókítà máa pè é ní ohun tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, olórí àlùfáà pẹ́ kó tó dé, ó sì ti ń kánjú padà, ìgbéyàwó kan ń dúró dè é nílùú. A gbé pósí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a ń retí agogo. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó gbé e sókè bí ẹni fẹ́ fi pa eṣinṣin.

“Ṣé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí ni?”

“Kò fìgbà kan sí, Bàbá,” ni Ilka, àkọ́bí olóògbé, wí. “Òkè ló yí wa ká, orí ilé agogo nìkan ló ń dé. Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ká gòkè lọ lù ú.”

“Kọ́kọ́rọ́ wà ní ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọmọ mi. Etí Ọlọ́run ò di, kò dìgbà tí agogo bá dún.”

Ẹnu yẹn kan náà ló fi dúró létí sàréè, tó ní ohùn ọkùnrin yìí kò ní dákẹ́ láàárín wa láé. Ohùn wo? Erùpẹ̀ tó ń bọ́ sórí pósí nìkan ni mo gbọ́.

A ti jẹun òkú tán, Ìyá Rozália ń fọ abọ́, nígbà tí ọkọ̀ olórí àlùfáà sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ó rántí wa, ó tẹ fóònù. Agogo bá bú sẹ́kún, àbí kí n ní ó bú sẹ́rìn-ín: ti ńlá ti kékeré pa pọ̀, kò sinmi, kò dákẹ́, ó ń jó lórí wa. Ibi tí kò yẹ ló tẹ̀! Ìyá Rozália yọjú sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́.

“Ta ló ń gbéyàwó?” ló bi wá.



Lóṣù Keje mo lọ bá olórí àlùfáà ní ọ́fíìsì rẹ̀ nílùú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, agogo òkú ni ìyá ń retí.”

“Áron, ṣebí agogo dún?”

“Ti ìyàwó ló dún.”

“Irin kan náà kọ́ ni? Ìwọ oníṣòwò ìṣó, ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ àlùfáà?”

Mo dé fìlà mi, mo bá ọ̀nà mi lọ. Ìwé girama nìkan ni mo kà, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé ẹni tó kàwé jù mí lọ ló gbọ́dọ̀ jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń rùn sí mi di òní. Irin kan náà? Ẹnu kan náà la fi ń kí ẹni tó bímọ, la sì fi ń kí ẹni tí ọmọ kú fún. Wèrè wo ló jẹ́ fi ìkíni ọ̀kan kí èkejì?

Nítorí náà, kí olórí àlùfáà dìde níwájú ìjọ kó dáhùn. Ta ló fún un láṣẹ láti ti ilé agogo tí àwọn bàbá wa fọwọ́ ara wọn kọ́? Ta ló pinnu pé ẹ̀rọ ṣe kókó ju òrùlé tó wà lórí èèyàn lọ? Kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Rozália, lójúkojú. Kí wọ́n sì tún òrùlé yẹn ṣe kí àlùfáà mìíràn àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́la ni ọjọ́ Ìsinmi tí a ń fi búrẹ́dì àlìkámà tuntun jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Olórí àlùfáà ló ń bọ̀ wá bù ú fún wa. Lánàá mo lọ kí Ìyá Rozália. N kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tó fi kó aṣọ kúrò lórí okùn, tó tú u lára igi, tó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Aṣọ á gbẹ lórí ọgbà,” ló wí. “Lẹ́ẹ̀mẹta o, Áron. Má jẹ́ kó tún dún bíi ti ìyàwó.”

Lọ́la, kí wọ́n tó bu búrẹ́dì, èmi àti okùn yẹn máa gun ilé agogo. Kí olórí àlùfáà mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bí kò bá sì mú un wá, mo ń ta òòlù.