Èèkàn Olórí Pupa Tí Mo Fà Tu

Òórùn tòmátì tó ń jẹrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lóko, ẹ mọ òórùn yẹn. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ìyá mi ló ń ṣomi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ láti ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n òjò ti sọ ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí Ìjù, níbi tí a ti ń wọkọ̀, di ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ìyá mi kò sunkún. Ó ń da tòmátì sí ààtàn, ó ń pòṣé. Èmi ni mo sunkún.

Ẹ ò wá rí i pé inú wa dùn nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ gbá èèkàn mọ́lẹ̀ láti Ìjù títí dé abúlé wa. Èèkàn gbọọrọ, tí wọ́n kun orí rẹ̀ ní ọ̀dà pupa. Wọ́n ní katapílà ń bọ̀ wá la ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, a ò rí nǹkan kan.

Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe? Tòmátì tuntun tí ìyá mi gbìn ti ń wọ́lẹ̀, ó ń wá ọ̀pá tí yóò gbé e ró, igi dáadáa sì wà nínú igbó tó kàn dúró lásán! Mo fa mọ́kànlá tu. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà orí wọn dànù kí ó má baà ta bá aṣọ mi. Irọ́ ni o, kí ìyá mi má baà dá wọn mọ̀ ni. Ó tiẹ̀ yìn mí: "O ṣeun, ọmọ mi."

Àfi bí ọ̀gá awọnlẹ̀ ṣe já wọ àgbàlá Baálẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń jó bí iná. "Ta ló fa èèkàn mi? Katapílà ń bọ̀ lọ́la. N kò ní àyè àtiwọn ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Abúlé mìíràn ń bẹ̀ wá!" Làwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí nàka síra wọn. Ìyá mi wò mí. Ó ti mọ̀.

Mo jáde, mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni. Mo mọ ojú ihò kọ̀ọ̀kan."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ tèmi tẹrù. Ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ fa èèkàn mọ́kọ̀ọ̀kànlá tu lórí ebè, tòmátì ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Mo ṣíwájú, gbogbo abúlé tẹ̀ lé mi: ẹsẹ̀ igi orógbó, ẹ̀gbẹ́ ògán, etí odò. Ọ̀gá awọnlẹ̀ ń fojú sí awò tó fi ń wọn ilẹ̀. Nígbà tó dórí ìkọkànlá, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ó gún régé! Ọmọ yìí, orí rẹ pé o!" Háà, ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà!

Ìyá mi nà mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó nà mí dáadáa, ó sì bu ẹran méjì lé oúnjẹ mi. Katapílà dé lọ́jọ́ kejì. Tòmátì tí a ká lẹ́yìn ìgbà náà dé Ọjà Ọba pẹ̀lú ìrì lára.

Mo ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ báyìí. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀rọ, tàbí akọ̀wé, tàbí iná tí wọ́n mú lọ. Mo gbọ́n ju ọmọ yẹn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n òun ló mú ọ̀nà wọ abúlé wa, nítorí pé nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ṣe é, ó dìde.