Kòtò Mẹ́ta Agbẹ́kànga

Ogójì ọdún ni Agbẹ́kànga fi gbẹ́ kànga ní àfonífojì yẹn, kò sì sí ilé kan níbẹ̀ tí wọn kì í fi omi ọwọ́ rẹ̀ bọ́jú láàárọ̀. Síbẹ̀, tí ẹ bá bi í léèrè ohun tó rò nípa àwọn ará ibẹ̀, á kọ́kọ́ tutọ́ sílẹ̀ ná. Àwọn èèyàn tí wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n fa omi lọ, tí wọn ò béèrè ibi tó ti ń wá rí, kí ni ká bá wọn sọ? Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Á ti ọwọ́ bọlẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, á bu erùpẹ̀ díẹ̀, á fún un mọ́wọ́, á fi ahọ́n kàn án, ó ti mọ bí omi ṣe jìn tó nìyẹn. Kò ṣì í rí. Kànga tirẹ̀ ló gbẹ́ kó tó kọ́lé tì í, yàrá méjì àti ilé ìdáná, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà.

Orí ilé yẹn gan-an ni ọ̀nà ọlọ́dà fẹ́ gbà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ kọ́ irínwó ilé sí àfonífojì náà, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé àwọn ò gbà. Ẹgbẹ́ ọ̀hún, ẹ gbà mí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, ẹni tí kò lè sọ pé ẹ káàárọ̀ láìgbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, odindi wákàtí méjì ni wọ́n fi jiyàn lórí àwọ̀ tí wọ́n máa fi kọ páálí. Ní ìpàdé kejì, ẹni tó máa dúró níwájú nínú fọ́tò ló dìjà. Agbẹ́kànga jókòó lẹ́yìn, ó ń yọ ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná. Nígbà tó sú u, ó dìde lọ sílé, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Kánsù ní tiwọn sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò mẹ́ta tó jìn tó ìdúró èèyàn, òṣìṣẹ́ àwọn á wá yọjú sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá bá omi níbẹ̀, kò sí ilé kíkọ́. Ẹnjiníà wọn, ọmọkùnrin oníbàtà funfun kan, wá gbé iṣẹ́ náà fún Agbẹ́kànga. Ó ní ibi tó bá wù ú ni kó gbẹ́, ṣebí ẹ̀ẹ̀rùn la wà, omi wo ló fẹ́ jáde. Agbẹ́kànga wo bàtà náà, ó wo ẹni tó wọ̀ ọ́, ó ní òun ti gbọ́.

Ó gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbi tí omi kì í ti í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti dé orúnkún nínú wọn, ó sì fi ewé bò wọ́n lójú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ tó lọ gbaṣẹ́ ọ̀tá, àwọn obìnrin ò kí i mọ́ nídìí kànga tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ó kàn ń ṣe ṣìọ̀ ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: tí tíṣà bá gbọ́ báyìí, á gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹnjiníà á sì gbọ́. Kí wọ́n máa bú u lọ. Ọjọ́ tí kánsù bá dé, ojú á ti gbogbo wọn.

Ọjọ́ náà pé. Ó wá ṣọ́bìrì rẹ̀ títí, kò rí i, ó bá lọ lọ́wọ́ òfo. Orin ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹgbẹ́ ti pé jọ pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n ti fi erùpẹ̀ gbígbẹ dí kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, wọ́n sì ń jó lórí wọn. Tíṣà ní àwọn ti dí ìpìlẹ̀ ilé wọn kí wọ́n tó ríbi da sìmẹ́ǹtì sí i.

Agbẹ́kànga bi í pé, "Ẹ ò rí omi níbẹ̀ ni?"

"A rí i. Omi tí wọ́n fẹ́ fi po sìmẹ́ǹtì ni. A ò fún wọn láyè."

Òṣìṣẹ́ kánsù dé bá ijó lẹ́nu. Ó fi igi gún erùpẹ̀ náà wò, eruku ló sọ. Agbẹ́kànga bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní wákàtí méjì péré kí òun fi tún wọn gbẹ́. Òṣìṣẹ́ náà ní ohun tí ojú òun rí lòun máa kọ, ọ̀sán yìí sì ni ìwé gbọ́dọ̀ wọlé. Ó kọ ọ́ pé kò sí omi.

Agbẹ́kànga délé, ó bú wọn láti orí tíṣà dórí ẹni tó ń gbé páálí. Ó ní àgùntàn gbọ́n jù wọ́n lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ, ó jẹ́ kó bú wọn tán.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ sọ fún?"

Ó ní ta ló tó ẹni tí òun ń sọ fún nínú wọn.

"Èmi náà ò tó ẹni? Wọ́n ní ẹ ti ta ilé wa fún wọn. Ẹ ò bá mi sọ nǹkan kan, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́bìrì rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n gbé e ti ògiri, ẹrẹ̀ tútù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.