Rìsọ́ọ̀tì Tí Mo Fi Páásíwọ́ọ̀dù Tì

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, ẹnu mi ló rán mi. Mo ti fọ́nnu ní yàrá àwa tíṣà pé n kò ní fọwọ́ kọ rìsọ́ọ̀tì mọ́ láyé mi, kọ̀ǹpútà ni yóò máa bá mi kọ ọ́. Àǹtí tó ń kọ́ Práímárì Fáìfù, ọmọ Èkìtì tó ti ń ṣe tíṣà kí wọ́n tó bí mi, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Bírò ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ tó bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu.

"Àǹtí, ayé ti lọ o."

"Ó dáa. Tóo bá lé e bá, bá mi kí i."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe àwòṣe náà nílé mi ní Àgọ́ Palace, èyí tí n ó máa lò ní téèmù dé téèmù. Ó dùn ún wò. Tí mo bá ti tẹ nọ́ńbà ọmọ kan, orúkọ àti máàkì rẹ̀ á fò wọlé fúnra wọn. Láti dán an wò, mo kọ ohun tí àwọn tíṣà máa ń kọ nípa èmi alára ní kékeré sí àyè ọ̀rọ̀ tíṣà: ọmọ yìí gbọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ní kíláàsì. Mo wá fi páásíwọ́ọ̀dù ti gbogbo rẹ̀ pa, kí aláìmọ̀kan kan má baà bà á jẹ́. N kò rántí pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Mo tẹ ti ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jáde ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Bọ́ládé, mo sì pín in láìkà á.

Òbí méjì ti pè mí nítorí ọ̀rọ̀ náà kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìkẹta, ìyá kan, wá bá mi ní ilé ìwé. Ike ni wọ́n ń tà ní Òṣòdì. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ó ti tó ọdún kan, a kò gbọ́ ohùn ọmọbìnrin wọn ní kíláàsì. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, ó kàn máa ń nawọ́ sókè ni. Mo ti ń wá irọ́ tí n ó pa, àfi bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀.

"Ọ́ńkù, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín! Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kà á fún mi. Ó ti ń sọ̀rọ̀! Ó tiẹ̀ ti wá pọ̀ jù! Ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ń sọ?"

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé kọ̀ǹpútà àti páásíwọ́ọ̀dù bí òmùgọ̀, kí n tó wá lè sọ ọ́.

"Ẹ dìde, Ma. Àṣìṣe mi ni. Kò tíì sọ̀rọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn. Mo nawọ́ láti gba ìwé náà kí n lè tún un kọ. Wọn kò fún mi.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ọ́ńkù. Mo ti ṣe àmín sí i lánàá."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ní kí Àǹtí yá mi ní bírò. Wọn kò bi mí bóyá mo lé ayé bá. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fọwọ́ tún kọ.