Pòròpórò Ọkà Bàbà Lójú Irin

Ẹni tí kò bá mọ Àdúràọlá ará Kàbà lè rò pé oníwà pẹ̀lẹ́ lásán ni. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé bó bá kí ọ ní "okun o", àfi kí o tẹ́tí kí o tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bá a jiyàn lórí ìwọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀rọ kan lórí ojú irin, kí iná lésà rẹ̀ máa kan igi, àpáta àti ògiri, kí ẹ̀rọ sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ibi tí rélùwéè máa gbà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ́ òrùlé sí ìdíkọ̀ kékeré kan tó wà lábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìbítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, ló kọ́ ọ. Ajórin tí gbogbo Kàbà mọ̀ ni, òun ló sì tọ́ Àdúràọlá lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Téèpù rẹ̀ lọmọ náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí rélùwéè elérò àkọ́kọ́ gba ibẹ̀, Màmá Cecilia, ìyàwó Ìbítóyè, sì ti gba àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó lè juwọ́ sí ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ sọ pé etí òrùlé náà wọ ọ̀nà rélùwéè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Àdúràọlá tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ìka mẹ́ta náà ni.

"Irọ́ ni iná rẹ ń pa," Ìbítóyè ní. "Ìwọ̀n tí mo lò ní ìdíkọ̀ kejì ni mo lò níbí. Ojoojúmọ́ lọkọ̀ òkúta ń gba ojú irin yìí kọjá, ṣé ó kàn án? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Bàbá mi, ọkọ̀ òkúta kò ga. Ìdíkọ̀ kejì sì tọ́ tààrà, kọ́nà lèyí. Irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ga ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, rélùwéè máa fì sọ́dọ̀ òrùlé."

"Ohun tí mi ò lè fọwọ́ kàn, mi ò gbà á gbọ́."

Ó dun Àdúràọlá, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ta ló fẹ́ dójú ti ẹni tó tọ́ ọ? Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tiẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ kí ọjọ́ ayẹyẹ rélùwéè àkọ́kọ́ kọjá ná. Àdúràọlá ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀nà dára.

Ó wọ oko ọkà bàbà tó wà lẹ́bàá ojú irin, ó tọrọ pòròpórò gbígbẹ, ó rù ú wá bá Ìbítóyè. "Ẹ fi téèpù yín wọ̀n ọ́n. Ẹ so ó sórí ọkọ̀ òkúta, kó fẹ̀, kó sì ga bíi rélùwéè elérò gẹ́lẹ́. Ẹ óò lè fọwọ́ kan ìyẹn."

Ìbítóyè fi téèpù rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó so ó fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Awakọ̀ rọra wà á. Nígbà tó dé kọ́nà, ọkọ̀ náà fì, pòròpórò òkè gbá etí òrùlé, ó kán sí méjì. Ìbítóyè ṣa èyí tó kán, ó fọwọ́ pa á, kò wojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin.

Ọjọ́ méjì ló fi gé etí òrùlé náà. Wọ́n so pòròpórò mìíràn, ó kọjá láìfarakan nǹkan. Àdúràọlá ṣì tún fi iná lésà wò ó kó tó fọwọ́ síwèé. Mo ti sọ fún yín bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Ìbítóyè kò bá àwọn èèyàn ńlá jókòó. Kọ́nà yẹn ló dúró sí, ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Rélùwéè dé, ó fì sọ́dọ̀ wọn. Màmá Cecilia na apá jáde lójú fèrèsé títí dé èjìká, ó ń pariwo "okun o!" Ó gba abẹ́ ibi tí pòròpórò ti kán kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìbítóyè kò lè juwọ́ padà, ẹkún ló ń sun.