Ẹni Tí Kò Tíì Bọ́jú

Ní ilé wa ní Sakété, ẹni tó bá gba iwájú ìta kọjá láìkí wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin á pè é padà. Orí àpótí ni ìyá arúgbó náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, máa ń jókòó sí, tí á máa bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé wá láti Yoko. "Ṣé ògiri lo rí níbí ni?" Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá sì kí, dandan ni kó dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. N kò mọ̀ pé ìkíni lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Pobè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í sinmi, àwa ènìyàn la máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa: ọ̀sẹ̀ yìí àárọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀sán, èyí tó tẹ̀ lé e òru. Ti àárọ̀ dùn. Ti ọ̀sán ṣeé fara dà. Ti òru ni ẹ jẹ́ ká sọ. Bí mo bá délé láàárọ̀, tí mo wẹ̀, tí mo dùbúlẹ̀, ojú mi á là sílẹ̀ bí ojú ẹja inú agbọ̀n. Ìgbà tí oorun bá wá fẹ́ gbé mi lọ gan-an ni ẹnìkan á dé iwájú ilé.

"Ẹ kú ilé o! Alùpùpù rẹ̀ rèé, ṣé ó wà?"

"Ó wà," ni Ìyá á wí, á sì gbóhùn sókè: "Ọmọ àbúrò mi, wọ́n ń kí ọ o!"

Màá dáhùn láti orí ẹní. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mo ti di ọ̀gá. Bí ìyàwó mi bá sì ní mo ń sùn, ó tún burú jù. Ta ní ń sùn ní ọ̀sán gangan bí kò ṣe aláìsàn? Ìròyìn àìsàn mi rìn dé Takon. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbé agogo àti àbẹ́là wá, wọ́n gbàdúrà ìwòsàn fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣeun. Agogo náà ni kò jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ yẹn.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí n ta aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí n má mu kafé tó ń lé oorun mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí ará ilé sì mọ̀ pé àkókò oorun mi nìyẹn. Mo ta aṣọ. Mo fi kafé sílẹ̀. Ti ará ilé ni n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e gbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti Pobè. Mo rí ọ̀pẹ kan níwájú. Ohun tí mo tún rí ni koríko lójú mi, tí alùpùpù ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú igbó. Mo ti sùn lórí ìjókòó. Ọlọ́run ló yọ mí, ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló bó.

Ìyá ló kọ́kọ́ rí koríko tó há sára alùpùpù. Ó ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ìgbọ̀nwọ́ mi.

"Oorun ni?"

"Oorun ni, Ìyá."

"Èmi náà ni mo sì ń jí ọ."

Ó ní kí ìyàwó mi bu omi sí igbá, kó mú pákò wá. Ó gbé igbá náà sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi tó kọjú síta, ó dé e, ó fi pákò lé e lórí. Mo na ọwọ́ sí i kí n bọ́jú.

"Má fọwọ́ kàn án. Lọ sùn."

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, láti orí ẹní ni mo ti gbọ́ ohùn Alájì tó ń ta aṣọ lọ́jà. "Ẹ kú ilé o, Ìyá! Ṣé ará Pobè ti dé?"

"Ó ti dé. Ẹ má kí i."

"Háà! Kí ló ṣe?"

"Kò tíì bọ́jú."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jí, tí kò tíì bọ́jú, tí kò tíì fọnu, kì í kí ènìyàn, a kì í sì í kí i.

Alájì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, a ti kírun ọ̀sán tán o!"

"Tiyín nìyẹn. Ilẹ̀ tirẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ wo pákò rẹ̀, gbígbẹ ló wà. Àbí ẹ fẹ́ kó fi ẹnu oorun dá yín lóhùn?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń lọ. N kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́.

Nígbà tí mo jáde, oòrùn ti ń wọ̀, orí mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ṣí igbá, mo bọ́jú, mo ki pákò bọ ẹnu. Ìyá tó ti ń pa ìkíni mọ́ra láti àárọ̀ yíjú sí mi.

"Ọmọ àbúrò mi, ṣé o jí ire?"

Ó di ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ òru, bí igbá bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á rọra kọjá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oorun ń yá, ara ṣì máa ń bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí gbogbo ọ̀pẹ tó wà lójú ọ̀nà Pobè báyìí, títí mo fi ń délé. Bí alẹ́ bá sì ń lẹ́, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró omi lójú mi, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ káàárọ̀ o!"

Màá sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.