Àyè Tó Ṣófo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣáwà

Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀, ṣebí ilé ìwẹ̀ lásán ni. Mo ní kó jọ̀wọ́ mi jẹ́ẹ́. Ilé ìwẹ̀ wa ní Kreuzberg, nílẹ̀ Jámánì níbí, ò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, inú rẹ̀ náà ni tọ́lẹ́ẹ̀tì, síǹkì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti Badewanne wà, ọpọ́n gbọọrọ tí èèyàn máa gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó lè wọ inú rẹ̀ lọ wẹ̀. Onílé ti gbà pé ká yọ ọ́, ká fi ṣáwà sí i. Ọjọ́ Ajé làwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa wà kí wọ́n tó fọwọ́ kan páìpù.

Tìtorí màmá mi ni gbogbo wàhálà yìí. Lurup ní Hamburg ló ń dá gbé látìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó ṣubú nínú Badewanne tiẹ̀, ibẹ̀ ló wà títí aládùúgbò fi gbọ́ igbe rẹ̀, kò sì sọ fún mi! Ẹnu obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni mo ti gbọ́. Inú bí mi débi pé mo sunkún nínú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mi ò wojú ẹnikẹ́ni. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kó wá máa gbé. Ó ní òun máa kọ́kọ́ wá wo ilé ìwẹ̀ náà ná.

Mo bá fi téépù àwọn akunlé ya gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀, bó ṣe máa tóbi gan-an. Tọ́lẹ́ẹ̀tì níbí, síǹkì lọ́hùn-ún, ṣáwà ní kọ̀rọ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo lé ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ sí kíṣìn. Ọkọ mi kùn, torí òun ló máa ń dáná, àmọ́ ta ló bi í?

Màmá dé lọ́jọ́ Sátidé. Kò tíì mu omi tó fi yọ àpótí tó fi ń wẹ̀ látinú báàgì, ó gbé e sáàárín téépù, ó jókòó lé e taṣọtaṣọ. Ó ń bu omi tí kò sí, ó ń dà á sí èjìká. Ọmọbìnrin mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi Jámánì sọ pé ìyá àgbà ń wẹ̀ ní pálọ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó wá nàka sí àyè kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáwà, ó bi mí pé kí ló máa wà níbẹ̀. Èmi ò mọ irọ́ í pa.

“Èmi ni, Màmá. Ibẹ̀ ni màá máa dúró sí tí mo bá ń wẹ̀ fún yín.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ta ló sọ fún mi pé òun ò lè dá wẹ̀. Ó ní òun lòun wẹ̀ fún mi, òun lòun wẹ̀ fún ọmọ mi nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, òun kì í ṣe ìkókó. Ó ní Lurup lòun ń padà sí. Èmi náà gbaná jẹ. Mo bi í pé ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá pè mí pé kí n wá gbé òkú rẹ̀ kó tó gbà. Ọ̀rọ̀ náà burú, àmọ́ ó ti jáde lẹ́nu.

Màmá gbé àpótí rẹ̀, ó mú korobá ní kíṣìn, ó wọ ilé ìwẹ̀ wa lọ, ó sì ti ìlẹ̀kùn pa látinú. Badewanne yẹn ṣì wà níbẹ̀ o. A gbọ́ tí omi ń dà. A gbọ́ tí nǹkan já lulẹ̀ gbì. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo sáré dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é. Ọkọ mi ò sọ pé kí n fara balẹ̀ mọ́, ó ti gbé èjìká ti ìlẹ̀kùn.

Kọ́kọ́rọ́ yí. Ìlẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ọwọ́ kan nà jáde látinú Badewanne tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlẹ̀kùn, kànrìnkàn tó kún fún ọṣẹ ló dì mú. Màmá ní korobá ló já bọ́.

“Wá bá mi fọ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn nìkan o.”

Ọkọ mi sá padà sí pálọ̀. Mo há ara mi wọlé, ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà níta. Ìbàdí rẹ̀ ṣì wú níbi tó fi lulẹ̀ ní Hamburg. Mo rọra ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi.

“Ibi tóo dúró sí yìí há jù,” ló wí. “Fi àyè yẹn sílẹ̀ bóo ṣe yà á. Àmọ́ inú ni kí kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi ni màá máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ.”